Abọ́ Tí Mo Ń Tu Ọtí Sí

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ahọ́n tó tó tèmi láti Ayétòrò dé Ìlaró. Iṣẹ́ títọ́ nǹkan wò ni mò ń ṣe nígbà náà, ní yàrá ìdánwò oúnjẹ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ayétòrò. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀lúbọ́ wá, màá sọ bóyá orí àpáta ni wọ́n sá a sí tàbí etí títì. Bí wọ́n bá gbé ọtí wá, màá sọ iye ọjọ́ tó ti lò nínú ìkòkò, màá sì sọ bóyá ẹni tó pọn ọ́n fọ ìkòkò náà. Ọmọ Mùsùlùmí sì ni mí. Ìyá mi, tó ń ta ata gígún lọ́jà, ti mú mi búra pé ọtí kankan kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Nítorí náà, màá fi ọtí sẹ́nu, màá yí i kiri ẹnu, màá rò ó, màá wá tu ú sínú abọ́ kékeré kan tí mo máa ń gbé dání. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mo mọ adùn ọtí jù láàrin àwọn tí kò mu ún rí. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n tó fi ẹ̀sìn síbì kan, tó fi iṣẹ́ síbì kan, tí ọ̀kan kò sì ní fara gbún èkejì láéláé.

Ọdún tí wọ́n ti ibodè pa ni. Ẹni tí kò gbé lágbègbè Yewa lọ́dún náà lè rò pé ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n tì. Ìbọn ni wọ́n fi tì í. Láti Owódé títí dé ọ̀dọ̀ wa, oríta wo lèèyàn dé tí kò ní bá igi tí wọ́n dá sójú ọ̀nà, àti ọkùnrin oníbọn tó dúró tì í? Wọ́n ń lé àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì àti epo bẹntiróòlù gba ọ̀nà igbó. Mo fi ojú ara mi rí ọ̀dọ́kùnrin kan lọ́nà Owódé tí ọta ìbọn bá kẹ́ẹ̀gì epo tó dì sẹ́yìn. Iná gbé òun àti ọ̀kadà rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó sáré bu yẹ̀pẹ̀ wá kò rí nǹkan gbà sílẹ̀ ju bàtà ẹsẹ̀ kan lọ, òórùn iná náà sì wà lára aṣọ mi fún ọ̀sẹ̀ kan, bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tó. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ òwe náà, nítorí epo ni òun náà ń gbé.

Ìlóbì ló ń gbé, ó sì ti ń gbé epo kọjá ibodè láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ọkùnrin gíga ni, ẹlẹ́rìn-ín ni, ó sì ní èjí níwájú eyín. Èjí yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi rí tó fi ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó gbọ́ Faransé díẹ̀, ó sì máa ń fi í yangàn. Ohunkóhun tó bá dùn mọ́ ọn, "Sẹ bọ́n" ni yóò wí, ìyẹn ni pé ó dára. Lẹ́yìn tí iná jó ọ̀dọ́kùnrin yẹn, Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, kó àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ọ̀pẹ òyìnbó ń jẹrà lóko nígbà náà, nítorí àwọn oníbàárà tó ń ti òdìkejì wá rà á kò lè kọjá mọ́. Ó ti rí obìnrin kan rí ní Pọ́bẹ̀ lódìkejì ibodè, tó ń fi ọkà bàbà pọn ọtí. Ó bá rẹ ọkà bàbà, ó jẹ́ kó hù, ó sá a, ó yan án díẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó sì da omi ọ̀pẹ òyìnbó lé e nínú ìkòkò amọ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀, bíà ni, àmọ́ bíà tó ní òórùn oko lára.

Nígbà àkọ́kọ́ tó pè mí láti tọ́ ọ wò, ó kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa pé ẹni tó gbé ọtí síwájú àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ó ní "Sẹ bọ́n." Mo ti gbàgbé abọ́ mi sílé lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ mú ọ̀kan wá, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Adájọ́, ibi tí wàá tu ú sí rèé." Mo fi yí ẹnu, mo tu ú, mo dájọ́ pé ó kan jù, pé èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ló mú un korò. Kò bínú. Oṣù méjì gbáko ló fi ń pọn tí mo fi ń tu, títí di ọjọ́ tí mo fi sẹ́nu tí n kò rí ohun tí màá bù kù. Adùn ọ̀pẹ òyìnbó ló kọ́kọ́ wọlé, kíkan díẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọkà bàbà yíyan dé wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ahọ́n. Mo tu ìyẹn náà dànù.

Olótẹ́ẹ̀lì kan wà ní Ìlaró tí àwọn ọtí tó ń rà láti Kùtọnu kò wọlé mọ́. Ó kéde pé kí àwọn tó ń pọn ọtí gbé tiwọn wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù ni òun yóò máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ọgbà wa pé òun fẹ́ adájọ́, èmi ni wọ́n rán. Ẹ wo adájọ́ tó gun ọ̀kadà kan náà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣe mí bíi pé ó burú. Mo wọ aṣọ funfun tí a ń wọ̀ ní yàrá ìdánwò, mo ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà, mo gbé abọ́ mi lé itan. Ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bí olótẹ́ẹ̀lì bá lè gba ọtí òun, òun kò ní padà sídìí epo mọ́ láyé. Bí kò bá gbà á ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ kò béèrè, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà igbó ló kù, àti ìbọn.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló dì sẹ́yìn ọ̀kadà. Àwọn kẹ́ẹ̀gì epo àtijọ́ ni. Ó ti fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, ó ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, ó sì ti sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méje. Èmi ọ̀mọ̀ràn tó mọ oyún ìgbín, tó mọ ẹ̀lúbọ́ etí títì, kò wá sí mi lọ́kàn pé rọ́bà kì í gbàgbé ohun tó ti gbé rí. Bírò àyà mi ni mò ń tò.

Ó kù díẹ̀ ká wọ Ìlaró nígbà tí a bá igi lójú ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́rin ni, aṣọ iṣẹ́ wọn kò bára mu, títí di òní n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n ti da ẹnì kan dojú bolẹ̀ sínú kòtò etí ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn tẹ bàtà mọ́ ọn lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe rí kẹ́ẹ̀gì, a kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí kòbókò fi balẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá mi lórúnkún, mo ṣubú, abọ́ mi yí lọ sínú eruku. Ẹ̀gbọ́n ń sọ pé bíà ni, pé kí wọ́n ṣí i wò. Ọ̀gá wọn ṣí ọ̀kan, ó fi imú sí i, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Òórùn epo wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu Ẹ̀gbọ́n bí ẹni ń lu ejò.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wọn rí aṣọ funfun mi, ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní èmi ni adájọ́ ọtí náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu kọ́ọ̀bù kan nínú kẹ́ẹ̀gì, ó nà án sí mi pé kí n tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé ìdí ìbọn sókè lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n ń wò mí, ojú rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ ẹni tirẹ̀. Mo fi ọtí náà sẹ́nu. Adùn wọlé, kíkan tẹ̀ lé e, ọkà bàbà dé, lẹ́yìn gbogbo wọn ni epo wá dé, díẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ahọ́n. Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe. Mo tu ú dànù.

Gbogbo wọn hó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ ò rí i? Epo ni. Bó bá jẹ́ bíà ni, gbé e mì."

Ẹ̀kún ẹnu kan ṣoṣo ló béèrè. Mo rántí ìyá mi, mo rántí ìbúra, mo sì rántí ohun kan tó ń tì mí lójú láti sọ títí di òní: mo rò ó pé ọtí tó ní epo nínú kò yẹ ọ̀fun irú mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò kì í gbé e mì. Títọ́ wò nìkan ni." Mo tún fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí fún wọn. Ìdí ìbọn ti balẹ̀ lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ bí eyín ṣe fọ́, ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń pa ẹ̀kùrọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n gbá ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ìka méjì kán. Ó ń wí pé bíà ni, bíà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti kún inú ọ̀rọ̀ náà, kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ gún kẹ́ẹ̀gì méjì, bíà ṣàn sójú títì, ìhó funfun bo bàtà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, ó ṣá ìṣáná, ó jù ú sí i. Iná náà kú. Ó ṣá òmíràn, ìyẹn náà kú.

Ọ̀gá wọn ti ìka bọ inú kẹ́ẹ̀gì kẹta, ó lá a. Ó bu kọ́ọ̀bù kan, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn fún àwọn yòókù. Wọ́n mu ún, wọ́n ní ó dùn gan-an, wọ́n ní ká fi kẹ́ẹ̀gì ìyẹn sílẹ̀ ká sì máa lọ. Àwọn ni wọ́n dájọ́ bíà náà lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èmi.

Èmi tí n kò mọ ọ̀kadà gùn dáadáa ni mo gbé Ẹ̀gbọ́n dé ilé ìwòsàn, orí rẹ̀ lé èjìká mi, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sára aṣọ funfun náà. Eyín mẹ́fà ló lọ, èjí lọ, wáyà ni wọ́n fi so àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé, mo ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀, ó wo ẹnu tèmi tí nǹkan kan kò ṣe. Ó ní, "Ìwọ ò lè gbé ẹ̀kún ẹnu kan mì fún ọkọ mi." Mo ní mo ti búra fún ìyá wa. Nígbà tí ìyá wa fúnra rẹ̀ gbọ́, ó ní kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé ta ló sọ fún mi pé Ọlọ́run yóò bi mí léèrè ohun tí mo gbé mì láti gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbọn? Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìbúra ló dì mí lọ́fun. Ìgbéraga ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ibodè, Ẹ̀gbọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí rẹ̀, inú ìkòkò àti ìgò nìkan ló ń rọ ọ́ sí. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé ní ọdún kan tí èmi àti òun kò ti sọ ju kíkí lọ. Mo dé Ìlóbì, ó kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu, ó fi ọwọ́ nu èyí tó ń ṣàn jáde níbi tí eyín kò sí. Kò sọ "Sẹ bọ́n". Ahọ́n rẹ̀ kò rí eyín fara tì mọ́ láti pè é. Ó bu tèmi, ó sì gbé abọ́ síwájú mi. Mo fi yí ẹnu. Kò sí epo níbẹ̀. Mo wo abọ́, mo wo ẹnu rẹ̀, mo sì gbé ọtí náà mì. Ó gbóná títí dé inú mi, mo sì rò pé mo ti tún nǹkan kan ṣe.

Ó gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. N kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí, àní níwájú àwọn oníbọn. Ó ní, "Ta ló ní kó o gbé e mì? Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó o gbé e mì ti kọjá, àbúrò. Sọ bó ṣe rí lẹ́nu ẹ, kó o tu ú."

Ọdún ti gorí ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní ọ̀gá, mo sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọtí yí ẹnu tí a sì ń tu ú. N kò sọ fún wọn ohun tí mo máa ń rò kí n tó tu tèmi. Bí Ẹ̀gbọ́n bá pọn tuntun, mo ṣì ń lọ sí Ìlóbì. Màá sọ òótọ́ bó ṣe rí lẹ́nu mi, yóò mi orí, màá tu ú sínú abọ́ tó gbé síwájú mi. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé abọ́ náà fúnra rẹ̀, yóò lọ dà á sẹ́yìn ilé, kò sì jẹ́ kí n bá a gbé e rí.