Eyín Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Àwọn ọmọ àbúrò mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í jẹ obì. Mo jẹ ẹ́ rí, ní Ìbàdàn, nígbà tí mò ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, kété lẹ́yìn òmìnira. Mo ní èjí níwájú ẹnu nígbà náà. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ máa rò pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà obìnrin kan ní Òkè Àdó kì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju Bọ̀ọ̀dá Eléèjí lọ.

Wọ́n wá gbé e lọ kọ́ni ní Ìlọrin. Nígbà tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀ Òjóò, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú èjí yẹn o. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí bí mo bá dé."

Kò pẹ́ tí mo fi eyín ṣí ìgò ọtí, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè mọ̀ pé mo lágbára. Ìdérí ṣí. Eyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí bá a lọ.

Mo forí lé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín, bàbá àgbàlagbà kan, ní Ring Road. Mo di àga rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì.

"Ọ̀gbẹ́ni, n kò tíì fọwọ́ kàn ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Mo ń múra sílẹ̀ ni."

Ó ní afárá lòun máa ṣe: eyín àtọwọ́dá tí òun máa so mọ́ eyín ọ̀tún àti ti òsì. Mo ní èjí mi ńkọ́? Ó ní yóò dí. Mo figbe ta.

"Bí mo bá fi èjí sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni afárá máa dúró lé. Erìgì rẹ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. O ń mu sìgá, o ń jẹ obì. Ó lè máa mì, eyín tó gbé e dúró sì lè jẹrà."

"Ẹ fi èjí sílẹ̀, sà. Èmi máa fi obì àti sìgá sílẹ̀."

"Nítorí èjí?"

"Nítorí ẹni tó ni ín."

Ó ṣe é. Láràárọ̀ ni mò ń fi òwú fọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá di Sátidé, mo máa ń lọ wo ọkọ̀ Ìlọrin ní Òjóò. Mo lè wọkọ̀ lọ bá a o, àmọ́ ẹni tó ń gbọ̀n lórí àga dókítà, ṣé òun ló máa lọ kanlẹ̀kùn obìnrin?

Lọ́jọ́ kan tíṣà náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pọn ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ń gba ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Eléèjí! Ó ṣì wà!"

"Ṣebí o ní kí n tọ́jú ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wọ takisí. Eyín náà ò mì rárá.

Dẹ́rẹ́bà kan níbẹ̀, tó ti mọ ìdí tí n kò fi jẹ obì mọ́, na obì sí mi: "Ẹ jẹ ẹ́ wàyí, ẹni tí ẹ ń retí ti dé."

Mo gbà á. Mo dì í mú títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi, mo sì dá a padà fún un.