Òwúrọ̀ tí Alága Pẹ́ Dé

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà ti pé ọgọ́rin ọdún, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó sùn síbẹ̀ rí, àfi àwọn tó ń sùn nínú kíláàsì ìṣirò. Láti ilé ni gbogbo wọn ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí olùdásílẹ̀ fi ka pípẹ́ dé sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ju olè jíjà lọ: ó ní olè tiẹ̀ mọ àsìkò tó yẹ kí òun dé.

Ìyá Aago ló ń ti géètì ní aago méje ààbọ̀, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá pẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ jẹ́léósinmi, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà, yóò kọ orúkọ àti ìdí tó fi pẹ́ sínú ìwé. Ọ̀gá àgbà mẹ́rin ló ti kọ ọ́. Ọ̀kan ní ìyàwó òun ló gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́.

Lówùúrọ̀ ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún yìí, inú ìyá náà ń dùn, àyà rẹ̀ ń já, kò mọ èyí tí yóò dá lóhùn. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ náà gan-an ni alága ìgbìmọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ibẹ̀, yóò sọ bóyá wọ́n á fi ọdún méjì kún un fún un.

Alága fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Ó bá géètì ní títì.

Awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ títí. Ìyá Aago kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ kò di. Àwọn ọmọ ti rọ́ sójú fèrèsé, wọ́n ń ti ara wọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Igbákejì ọ̀gá àgbà sáré dé, òógùn bò ó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Iṣẹ́ yín ló wà lọ́wọ́ wọn."

"Mo mọ̀. Aago ni kò mọ̀."

Alága sọ̀ kalẹ̀. "Ìyá wa, tí mo bá wọlé tán, tí mo ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé ńkọ́?"

"Inú ilé lẹ óo ti sọ ìyẹn, sà. Níta níbí, ìwé lẹ óo kọ."

Ó na ìwé àti báírò sí i láàárín irin géètì.

Alága kọ ọ́, kò tètè tán. Ìyá Aago gbé awò sójú, ó kà á: "Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ fún Ìyá Aago pé kí wọ́n máa lọ sinmi. Mo yí àdúgbò yìí po lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wá ẹnu tí n óo fi sọ ọ́. N kò rí i. Kí wọ́n ṣe ọdún méjì sí i."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kọ́kọ́rọ́ ṣi ojú ihò lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ó ṣí géètì, àmọ́ kò ṣí i ju ibi tí èèyàn kan lè gbà lọ, nítorí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tiwọn. Ó na báírò sí ẹni tó ṣáájú.

"Ẹ ṣe é wéré, ẹ̀yin àgbà. Ayẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀."