Èèyàn Mọ́kànlá tí Merritt Kolb Dárúkọ

Dókítà eyín ni bàbá Merritt Kolb, àdúgbò àwọn olówó ní Cleveland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì ń gbé. Síbẹ̀, nígbà tó wá sínú ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé wa lọ́dún 1935, fìlà òṣìṣẹ́ ló dé, ó sì ti fi èédú kun èékánná. Èmi tí mò ń jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí mò ń rán àwọn òṣèré létí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbàgbé, mo fojú ara mi rí i níbi tó ti ń kùn ún.

Kò mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Stanley Wojcik, wẹ́dà kan nílé iṣẹ́ irin tó máa ń bá wa ṣeré, ló ti kọ́ ọ. Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń jókòó ní kíṣìnì Stanley, á máa jẹ pierogi, ìyẹ̀fun tí wọ́n di ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, tí Halina, ìyàwó Stanley, sè, á sì máa kọ gbogbo ohun tí Stanley bá sọ sílẹ̀. Bó ṣe kọ eré ìyanṣẹ́lódì tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nìyẹn. New York ránṣẹ́ pè é, ó lọ. Kò dárúkọ Stanley fún ẹnikẹ́ni.

Washington ló ti wá dárúkọ rẹ̀, lọ́dún 1952. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan tó ń wá kọ́múníìsì kiri ló pè é. Wọn ò lù ú o, wọn ò tì í mọ́lé. Wọ́n kàn ní iṣẹ́ fíìmù tó ti ń kọ nígbà yẹn lè bọ́. Ọ̀gbẹ́ni bu omi mu, ó ka orúkọ èèyàn mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ wa pé kọ́múníìsì ni wọ́n, Stanley sì wà lára wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lé Stanley lẹ́nu iṣẹ́. Òrùlé ilé onílé ló ń tún ṣe kiri títí irun rẹ̀ fi funfun.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Merritt tún gbé eré tuntun wá sí Cleveland, nípa ọkùnrin kan tó dalẹ̀ ọ̀rẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Àwa ló fẹ́ ká wá máa sunkún fún ọ̀dàlẹ̀! Stanley àti Halina wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ wò ó. Nígbà tí eré parí, Merritt rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì.

"Stanley, ọ̀rẹ́ mi àtàtà! Orúkọ gbogbo yín ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ o."

"Tó bá ti wà lọ́wọ́ wọn, kí ni wọ́n wá ń fi ẹnu tìẹ ṣe?"

"Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. O ò mọ ohun tójú mi rí."

"Ojú wo?" Halina já lu ọ̀rọ̀. "Ojú tó ń dán yìí? Ọdún méjì lo fi jẹun nílé mi, Merritt. Ṣé oúnjẹ yẹn ò tó dí ẹ lẹ́nu ni?"

Merritt bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan á pè é.

"Jẹ́ ká máa lọ," Stanley sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Bọ́ọ̀sì á lọ."

Eré náà ò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kógbá sílé. Merritt forí lé California, ó ń kọ fíìmù ajá tó ń yọ ọmọdé nínú iná. Iṣẹ́ tó bá a mu nìyẹn, torí ajá kì í bèèrè ẹni tó ta òun.

Nígbà tí Merritt kú, ìwé ìròyìn pè é ní agbẹnusọ òṣìṣẹ́. Ilé Stanley ni mo mú ìwé ìròyìn náà lọ. Ó kà á délẹ̀. Ó ní kí n gbé e kúrò lórí tábìlì, Halina ti ń gbé oúnjẹ bọ̀.