Àwòrán Mi Lára Ògiri Onígbàjámọ̀

Mo rántí ìgbà tí àbúrò mi dé bá mi ní Dutse Alhaji, l'Ábújà, tòun ti báàgì kan ṣoṣo àti gààrí tí màmá wa dì fún wa láti ilé. Ó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó ń dúró de yunifásítì tó máa gbà á. Èmi ní tèmi ń kun ilé fún àwọn tó ń kọ́lé lápá Kabusa, ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi jókòó lásán nínú yàrá kan tí a jọ ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ ní pókà orí fóònù. Èmi ni mo kọ́ ọ o. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú dáadáa kí n tó máa bá ìtàn mi lọ.

Eré náà kò le. Wọ́n á fún oníkálùkù ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, wọ́n á wá ṣí márùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tí tiẹ̀ bá bá ti ilẹ̀ mu jù ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè jẹ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, bí ojú rẹ̀ bá le tó láti ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú kí ẹ̀rù lè ba ẹnì kejì, kó da káàdì tiẹ̀ nù. Owó orí fóònù lásán ni, kò lè ra gúgúrú, síbẹ̀ mo ti rí àgbàlagbà tó tìtorí ẹ̀ kọ oúnjẹ.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Hausa la ti ń ta á, torí pé ó ní jẹnẹrétọ̀. Àwa ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò á jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, oníkálùkù pẹ̀lú fóònù rẹ̀, tábìlì kan náà la ó sì wọ̀ lórí ayélujára. Kò pẹ́ rárá tí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbogbo wa. Wọ́n á ṣù bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe ń ṣe é. Onígbàjámọ̀ á fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní àbọ̀, á ní, "Kai! This boy sabi o!" Èmi tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀gbọ́n ọmọ tó mọ pókà. Kí wọ́n máa fi ọmọ tí o kọ́ júwe rẹ, ẹ ò mọ bó ṣe ń dunni tó.

Mo jowú. Mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Bó bá rẹ́rìn-ín, èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá fọ abọ́ láìjẹ́ pé mo rán an, àṣejù ni. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, òótọ́ sì ni, torí ṣòkòtò iṣẹ́ mi ti ń yọ̀ nídìí mi. Mo máa ń fi òwe tu ara mi nínú, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú eré yìí, àkísà nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, mo ṣe ìpinnu fún ara mi. Mi ò ní máa tẹ̀ lé gbogbo káàdì tí wọ́n bá fún mi mọ́; èyí tí kò dára, màá dà á nù. Mi ò ní ta á nígbà tí inú bá ń bí mi, èyí tí kò jẹ́ kí n ta á rárá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, màá padà wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí fóònù máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, kí n lè rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Mo máa ń ka ìpinnu wọ̀nyí láàárọ̀ bí mo bá ń po ọ̀dà, bí ẹni ń ka sáàmù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé màá na àbúrò mi lójú gbogbo ènìyàn.

Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lórí tábìlì. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, onígbàjámọ̀ ní ká ṣe ìdíje: ẹni tó bá ṣẹ́kù gbẹ̀yìn lórí tábìlì, òun á ya fọ́tò rẹ̀, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàárín àwọn àwòrán irun tí oníbàárà fi ń yan èyí tó wù ú. Mo fẹ́ fọ́tò yẹn ju iṣẹ́ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń já títí ó fi ku èmi àti àbúrò mi. A ti kó owó púpọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí káàdì. Ọba kan, ìyẹn káàdì King, wà níbẹ̀, ìyókù kò já mọ́ nǹkan. Èmi, mẹ́sàn-án àti mẹ́rin lásán ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ti gbogbo owó mi síwájú. Àbúrò mi wo fóònù rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo fóònù.

"Bọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta tìẹ, jàre."

Ó mí kanlẹ̀, ó dà á nù. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ kò tó nǹkan mọ́, ìpín káàdì tó tẹ̀ lé e ni mo fi kó o tán. Igbe ta. Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ mi sókè, ó ń pariwo "Oga! Oga!" Mo yọ àyà síta fún fọ́tò. Àbúrò mi ló bá mi tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n mú ìpinnu mi ṣẹ, kí n padà wo eré náà. Ká má tan ara wa, mo fẹ́ gbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Dátà mi ti tán, àbúrò mi sì ti lọ pọnmi, ló bá di pé mo mú fóònù rẹ̀ lórí ibùsùn, bí a ti máa ń ṣe. Mi ò rò ó pé lórí fóònù tirẹ̀, káàdì tirẹ̀ ni màá rí. Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀, ó di ọba mẹ́ta. Ẹni tó kọ́ pókà láàárọ̀ yẹn gan-an kò ní da ọba mẹ́ta nù.

Nígbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọlé, mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó rọra sọ omi kalẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ojú yín ni mo wò. Màmá sì ti sọ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ pé ohun tó bá máa dójú tì yín níta, n ò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i."

Mi ò bú u, mi ò sì dúpẹ́. Owú tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ni mò ń jowú. Báyìí, inú rere rẹ̀ ni, ó sì hàn sí mi pé kò sí ìpinnu tí mo lè fi lé ìyẹn bá. Fọ́tò náà wà lára ògiri níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn ni mo ti ń gẹrun títí mo fi kó kúrò ládùúgbò.

Ọdún ti gorí ọdún. Àbúrò mi ti di baba ọmọ, ó sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé èmi ni mo na òun ní pókà lójú gbogbo ènìyàn. Kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́. Ní Kérésì tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé fóònù wá bá mi. "Big Daddy, ẹ wá play with me now." Èmi náà jókòó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n fún mi ní ọba méjì, ọmọ náà sì ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú, ó ń fi ẹnu tí eyín iwájú ti ká rẹ́rìn-ín sí mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga, ó ń wò mí. Mo gbé ìka síbi tí ènìyàn fi ń da káàdì nù, ìka náà kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́.

Mo kó gbogbo owó ọmọ náà. Ó sunkún lọ bá ìyá rẹ̀.

"Bọ̀dá," àbúrò mi ní, "ẹ ṣì mọ̀ ọ́n ta o."

Mo ní ó ṣeun. Mo di fóònù náà mú, mo ń ronú bí ọmọdékùnrin tí kò tíì wọ yunifásítì ṣe rí agbára da ọba mẹ́ta nù, nítorí ẹ̀gbọ́n tí kò tilẹ̀ dá ìkíni rẹ̀ lóhùn dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà.