Ògiri Tí Ọláwuyì Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Wó

Ní ọdún 1957, lẹ́tà kan dé sí Ìlá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì rú Ọláwuyì mọlémọlé lójú pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dinah, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, kà á fún un.

Olúkúnlé, àkọ́bí rẹ̀, ló kọ ọ́ láti ìlú òyìnbó tó ti ń ṣe lébìrà. Wọ́n ń kọ́ ilé ńlá kan tí yóò máa pèsè iná mànàmáná láti inú ohun tí wọ́n ń pè ní átọ́míìkì. Ó ní iná yìí kò ní èéfín. Èyí tó lè pani nínú rẹ̀, ojú kò rí i, imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Ògiri kọnkéré tó nípọn ju gígùn ènìyàn lọ ni wọn yóò fi sé e mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ní kí wọ́n wó apá kan ògiri ọ̀hún, nítorí pé wọ́n kánjú da kọnkéré ibẹ̀.

“Ṣé ó sán ni?” Ọláwuyì béèrè.

“Rárá, Bàbá. Ó ní kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan lára rẹ̀.”

“Ṣé iná ọ̀hún ti wà níbẹ̀?”

“Kò tíì débẹ̀ rárá.”

“Kí wá ni ògiri ṣe fún wọn?”

Dinah ká lẹ́tà náà.

Ẹ jọ̀wọ́, mọlémọlé wo ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni Ọláwuyì ti ń mọ ògiri kiri, ó dé Ìresì, ó dé Ìgbájọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bó bá dórí iṣẹ́ rẹ̀.  Lọ́jọ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tó ń kọ́ lọ́wọ́ ló wá sí i lọ́kàn. Nígbà tí òjò ṣú, tí Bàbá Ìjọ Adéníran ń kán an lójú, ó gbé ìpele amọ̀ kẹta lé ìkejì tí kò tíì gbẹ dénú. Ògiri náà ti gbẹ báyìí o, ó dán, kò sán. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò kan páánù, àwọn ọmọ kéékèèké yóò sì wọ ibẹ̀ jókòó. Ta ló mọ bí inú ògiri náà ṣe rí?

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé dígà. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun yóò bù ú tí yóò fi wó, kí ọkàn òun lè balẹ̀ pé òótọ́ ni kò lágbára. Kò wó. Títí oòrùn fi kan àtàrí ló ń gbẹ́ ẹ, tí inú ń bí i sí ògiri, tó ń bí i sí Olúkúnlé.

Bàbá Ìjọ sáré dé. “Ọláwuyì, ṣé ó fẹ́ ṣubú ni?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“O ò mọ̀, o sì ń wó o?”

Omi bọ́ lójú Ọláwuyì. “Ẹ má bínú. Tí mo bá mọ̀ pé yóò dúró ni, ǹ bá fi í sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ yín náà yóò jókòó sídìí rẹ̀.”

Bàbá Ìjọ wo apá tó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ náà kò yé òun náà, ṣùgbọ́n ó sún sẹ́yìn kúrò nídìí ògiri.