Obìnrin Orí Ọ̀pá Àṣẹ

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kì í tètè dáni lóhùn. Bí èèyàn bá kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú onítọ̀hún láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Agbẹ́gilére ni wọ́n nílùú Òsì. Wọ́n a máa sọ pé, "Ojú tí mo bá ti wò, ọwọ́ mi ò ní gbàgbé ẹ̀."

Láyé ìjọba ológun ni yunifásítì gbà mí wọlé, lẹ́yìn ikú ìyá mi. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìgbaniwọlé, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ yunifásítì, ọ̀pá onígi tó jẹ́ àmì agbára ẹ̀, ṣíwájú àwọn ọ̀gá ilé ìwé wa. Ère obìnrin kan kúnlẹ̀ sórí ọ̀pá náà. Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí ojú ère náà. Ìyá mi ni! Eyín iwájú wọn tó kán, àpá iná ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, gbogbo ẹ̀ pé. Ìyá mi tí ò lè kọ orúkọ ara wọn! Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń búra akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ère yẹn ni mò ń wò.

Mo wọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òsì lópin ọ̀sẹ̀ yẹn.

"Bàbá, kí ni ìyá mi ń wá lórí ọ̀pá yunifásítì?"

Wọ́n wo ojú mi títí.

"Àwọn yunifásítì ló ní kí n gbẹ́ ẹni tó ń wá ìmọ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá wa ní kí ìyá rẹ má lọ sílé ìwé, bó ṣe kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nìyẹn."