Ta Ni Yóò Gbá Ara Obdulia?

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kò mọ ẹ̀rù, Obdulia ni kí ẹ wá wò ní ọjà Sonora, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Láàárín àwọn ère Ikú tí wọ́n wọ̀ láṣọ ìyàwó, àbẹ́là oríṣiríṣi àwọ̀ àti ọṣẹ tí wọ́n ní ó ń fa ọkọ wálé, ibẹ̀ ló ti ń jókòó láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọkọ gba àríwá lọ, kò padà mọ́. Iṣẹ́ ni kò fi í sílẹ̀.

Ẹni tí orí ń fọ́, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí kì í sùn lóru, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Yóò di rúdà, ewé kíkorò olóòórùn líle, pọ̀ mọ́ efinrin, yóò fi gbá ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń gbá àgbàlá. Lẹ́yìn náà yóò fi ẹyin adìyẹ yí wọn lára, yóò sì fọ́ ọ sínú ife omi láti wo ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ló mú. Ó lè wo ẹyin tán kó kọjú sí ọkùnrin, kó ní, "Kò sẹ́ni tó ṣe ẹ́. Ọ̀lẹ ló ń bá ẹ jà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ já ní ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran. Ó sá gba ẹ̀yìn ìsọ̀ aláère, ó fi ìwo gbé ìbòjú funfun orí ère Ikú kan lọ. Obdulia ti orí bọ àpò ewé ní tirẹ̀, kò mọ̀ sí i. Nígbà tó máa yọ orí jáde, ohun funfun kan ló rí tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀, tó ń mí sí i lójú. "Olúwa mi, kò tíì yá!" ló pariwo, ó sì ṣubú yakata. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀rín tán, ìjayà kù. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé bí ìjayà bá mú ènìyàn, ẹ̀mí rẹ̀ a dúró síbi tó ti ṣubú, àfi kí wọ́n pè é padà. Oorun dá lójú Obdulia. Alábẹ́là gbé búrẹ́dì wá, ẹlẹ́ran gbé búrẹ́dì wá, nítorí búrẹ́dì ni oògùn àkọ́kọ́ fún ìjayà. Ó jẹ ẹ́ títí aṣọ fi fún un, ìjayà kò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹyin sì ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó kan ara oníbàárà. Nígbà tí ọ̀kan fọ́ sórí aṣọ tuntun obìnrin kan, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibòmíràn. Bí ọwọ́ yìí kò bá dúró, ìsọ̀ náà máa tì ni.

Kó gbá ara rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oníwòsàn kì í gbá ara rẹ̀, ẹlòmíràn ní í gbá a. Ẹni kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó ti Obdulia ni Crescencia, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Crescencia ló gbé ọmọ Obdulia lọ ṣe ìsàmì, komadre ni wọ́n sì ń pe ara wọn láti ìgbà náà. Bí ọjà bá ti tú lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á gbá ara wọn, kí ìnira àwọn oníbàárà lè kúrò lára wọn. Àfi ìgbà tí Crescencia sọ fún oníbàárà kan pé ewé àná ni Obdulia ń tà. Ọdún mẹ́rin rèé. Obdulia kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́; "ará òdìkejì" ló ń pè é.

"Màámi, ẹ lọ bá ìyá ìsàmì mi," ni Maclovia, ọmọ rẹ̀, wí.

"Kí n lọ bá ta ni? Kí ewúrẹ́ yẹn kúkú pa mí."

"Ẹ wo ọwọ́ yín náà. Ẹ̀kọ tẹ́ ẹ fẹ́ mu, ilẹ̀ ló mu ún tán."

Òótọ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Obdulia wọ aṣọ ọdún rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ọ̀tá rí òun ní jákujàku, ó sì sọdá.

"Bí oníbàárà ni mo ṣe wá o. Mi ò wá ṣọ̀rẹ́."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Jókòó. Mo gbọ́ pé ewúrẹ́ múra ìyàwó wá bá ẹ."

"Ṣe iṣẹ́ ẹ, jàre."

Crescencia yan ìdì ewé tó nípọn jù lọ. Kò yẹ kó gbá a le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbá a. Pà! ní èjìká. Pà! ní ẹ̀yìn.

"Ṣé ìjayà lò ń lé ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì jọra. Mi ò mọ̀ yín yàtọ̀."

Ó kó ọtí líle sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ sí i lójú pìì. Àwọn ará ọjà ti pé lé wọn lórí. Ó wá ku ìpè. Crescencia ni yóò pe orúkọ, Obdulia ni yóò sì dáhùn. Bí ẹni tí wọ́n pè kò bá jẹ́, asán ni gbogbo ewé.

Crescencia tẹ ẹnu sún mọ́ àtàrí rẹ̀. "Obdulia! Máa bọ̀! Má dúró síbẹ̀!"

Ó ti pẹ́ tí Obdulia ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yẹn. Ó fẹ́ dáhùn, ìgbéraga kò jẹ́.

"Obdulia, máa bọ̀ wálé!"

Maclovia fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá pa eyín pọ̀.

"Obdulia," ni Crescencia wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "máa bọ̀. Ewé ẹ tutù lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀ láàárọ̀. Oníbàárà mi ni obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ ló sá wá, ara ló ta mí. Máa bọ̀, komadre."

Obdulia bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Mò ń bọ̀!" ló ké. "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!" Ọjà hó yèè.

Nígbà tó nu ojú tán tó gbé orí sókè, ó wá rí Crescencia dáadáa. Èjìká rẹ̀ ti tẹ̀, abẹ́ ojú rẹ̀ ti dúdú.

"Ta ló wá ń gbá ìwọ látìgbà yẹn?"

Crescencia fi aṣọ iṣẹ́ nu imú. "Ta ni mo fẹ́ jẹ́ kó gbá mi?"

Ọdún mẹ́rin gbáko ni òun náà ti ń gba ìnira ẹni ẹlẹ́ni sára, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Obdulia dé egungun. Ó dìde, ó tì í jókòó sórí àga náà, ó sì mú ẹyin. Maclovia di ojú. Ẹyin yí lọ lórí èjìká Crescencia, ó yí bọ̀, kò fọ́. Obdulia kó ọtí sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, ó sì fi gbogbo inú dídùn fẹ́ ẹ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Ó wá tẹ̀ síbi àtàrí rẹ̀.

"Crescen—"

"Mò ń bọ̀," ni Crescencia dáhùn.